Ìpayà Tó Kù Lára: Ọ̀nà Méjì Tí Wọ́n Ń Gbà Tọ́jú Ọgbẹ́ Ọkàn

Láti ọdún 2016 títí wọ ìparí 2017, oorun di ọ̀wọ́n ní Ìkòròdú. Àwọn apààyàn tí aráàlú sọ ní Badoo a máa já wọlé onílé lóru, wọn a sì fi ọmọ ọlọ tàbí ohun mìíràn tó wúwo fọ́ orí bàbá, ìyá àti ọmọ lójú oorun. Ó ṣẹlẹ̀ ní Ibeshe, ó ṣẹlẹ̀ ní Odogunyan, ẹnikẹ́ni kò sì mọ àdúgbò tó kàn. Láti Agric dé Owutu àti Isawo, àwọn ìyá ń kó ọmọ lọ sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àwọn ọkùnrin ń dáná sí oríta, wọ́n ń ṣọ́ òru mọ́jú, àwọn tó ní ẹbí lódìkejì Mile 12 sì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ní ìparí oṣù kejì ọdún 2016, àwọn agbébọn ti wọ ilé ẹ̀kọ́ Babington Macaulay Junior Seminary, wọ́n sì jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí wọn gbà. Lápá Ẹ̀pẹ́, akẹ́kọ̀ọ́kùnrin mẹ́fà láti Igbonla Model College lo oṣù méjì ó lé lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, láti May 25 sí July 28, 2017.

Ìpayà náà kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n pa èèyàn wọn. Ní oṣù keje ọdún 2017, èrò ya bo apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìkòròdú, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n sì lù wọ́n pa. Wọn kì í ṣe Badoo. Àwọn kan dúró lójú títì lọ́jọ́ náà, wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kan na ọwọ́ sí i. Ta ló bi wọ́n léèrè bí oorun wọn ṣe rí láti ìgbà yẹn?

Ọdún ti ń gorí ọdún. Ọlọ́pàá kó èèyàn, ilé tí wọ́n sá kúrò níbẹ̀ ti ní ayálégbé, BRT sì ń kó èrò láti Agric lọ sí ìsàlẹ̀ Èkó láràárọ̀. Àmọ́ ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó ṣì ń sá fún ekòló lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá.

Ohùn méjì ló ń dún lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí onítọ̀hún jókòó, kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Àwọn kejì ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè dé ibi tí ìpayà fi ṣe ibùgbé, pé inú ara ló wà, ara náà ni kí wọ́n sì gbà lé e jáde: kó mí dáadáa, kó jẹ́ kí ara gbọ̀n, kó na iṣan tó ti le. Ohùn kejì yìí ló ń ròkè báyìí lórí fóònù àwọn ọ̀dọ́. Ní tèmi, mo gbà pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ohun tí èkejì nílò, àmọ́ ètò wà níbẹ̀. Ara la kọ́kọ́ ń rọ̀, ọ̀rọ̀ ló ń parí iṣẹ́. Ẹni tó bá sì ní ọ̀kan ṣoṣo ti tó, ẹ̀rí ló yẹ kó mú wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. N kò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Àwọn tó jọ ọ́ pọ̀ lágbègbè wa. Badoo ò wọ ilé rẹ̀, ilé tó tẹ̀ lé tiẹ̀ ni wọ́n wọ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín bẹ́ǹṣì, lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Lónìí, bí wọ́n bá mú iná lọ, tí aládùúgbò gbé ọlọ síta láti lọ ata, tí òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í ró lórí òkúta, àyà ìyá yìí á máa lù kìkìkì, ọwọ́ rẹ̀ á tutù, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á dà rú. Ó mọ̀ pé ata ni wọ́n ń lọ̀. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n kò dá àyà rẹ̀ dúró.

Ìdí ni pé apá ọpọlọ tó ń kígbe ewu yàtọ̀ sí apá tó ń ronú. Èyí tó ń kígbe kéré gan-an, amygdala ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kì í sì í dúró gbọ́ àlàyé. Bí ìró kan, òórùn kan, tàbí irú òkùnkùn kan bá ti jọ ti ọjọ́ burúkú, ó ti ránṣẹ́ sí gbogbo ara. Adrenalin á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sáré, ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn sílẹ̀ lọ bá apá àti ẹsẹ̀, kí èèyàn lè jà tàbí kó lè sá. Bí kò bá sí àyè ìjà, tí kò sì sí ọ̀nà àtisá, ara á kan gan. Ohùn ò ní jáde, ẹsẹ̀ ò ní gbé.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi gbọ́ ibí yìí yékéyéké. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bi ara wọn pé, "Kí ló dé tí mi ò pariwo? Kí ló dé tí mi ò lè dìde?" Ojo kọ́ ló ṣe é. Ara ló ti ṣe ìpinnu náà kó tó kan èrò rẹ. Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà ń fi ọ̀rọ̀ yìí bú ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, pé tí kò bá fẹ́, ṣebí ó yẹ kó kígbe. Ẹni tó bá mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní sọ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, igbe ewu yìí máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lára àwọn mìíràn, kì í lọ. Nínú ìwé àkójọ àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, wọ́n sọ ọ́ ní PTSD: àlá burúkú, ìrántí tó ń já wọlé láìpè, yíyẹra fún ibi gbogbo tó bá jọ ibi ìṣẹ̀lẹ̀, ara tó ń ṣọ́nà tọ̀sán tòru. Kò sẹ́ni tó ń gbé orúkọ yẹn wọ ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ wa. Èèyàn wa á ní, "Nọ́ọ̀sì, orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi bí eèrà, àyà mi ń já, oorun ò sì kun ojú mi." Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà àti taifọ́ọ̀dù, wọ́n á kọ oògùn fún un, ó sì lè lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní àlòtúnlò láìsí ẹni tó béèrè ohun tó rí lọ́dún 2017.

Ẹ wá wo ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu. Ìlú Vienna ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, láàárín 1880 sí 1882, nígbà tí dókítà Josef Breuer ń tọ́jú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bertha Pappenheim. Ìwé tí Breuer àti Sigmund Freud kọ nípa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ jáde ní 1895. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ ìtọ́jú náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní, ìwòsàn tó ń ti inú ọ̀rọ̀ sísọ wá. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí ni pé ara ló gbé àìsàn rẹ̀ jáde. Apá rẹ̀ rọ, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ìgbà kan tiẹ̀ wà tí kò lè sọ èdè Jámánì tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ara ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá rò pé ńṣe ni èèyàn kàn ń ráhùn fún kánsílọ̀ tó ń mi orí, kò tíì mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Àwọn ọ̀nà tó lágbára jù nínú ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ máa ń mú aláìsàn padà sínú ìrántí gan-an, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni ti Maggie Schauer, Frank Neuner àti Thomas Elbert láti Yunifásítì Konstanz ní Jámánì, tí wọ́n gbé dé àgọ́ àwọn tó sá fún ogun ní Uganda. Wọ́n á tẹ́ okùn sílẹ̀. Okùn yẹn ni ọjọ́ ayé onítọ̀hún láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Níbi tí ohun rere bá wà, á fi òdòdó sí i; níbi tí aburú bá wà, á gbé òkúta lé e, kékeré tàbí ńlá, bí ó bá ṣe wúwo lọ́kàn rẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á wá pàdé lẹ́yìn náà, tí á máa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibi òkúta ńlá, wọn kì í fò ó. Kí lo gbọ́? Ibo ni ìwọ wà nínú yàrá? Kí ni àyà rẹ ń ṣe nígbà yẹn? Báyìí tí o ń sọ ọ́, kí ló ń ṣe? Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọ́n á ka ìtàn náà sí i létí látòkè délẹ̀.

Iṣẹ́ tí èyí ń ṣe ni pé ìrántí tó ti ń fò káàkiri láìní ọjọ́ á rí ọjọ́ gbà. Bí wọ́n bá tẹ́ okùn fún ìyá tiwa, òkúta ọdún 2017 á wà lórí rẹ̀, àmọ́ okùn náà kò ní dúró síbẹ̀. Ọmọ tó ṣe wáìkì á wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó ṣí á wà, ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ á wà. Ọpọlọ tó ń kígbe, tí kò mọ àná yàtọ̀ sí òní, á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ohun náà ṣẹlẹ̀, ó sì ti kọjá.

Àwọn kan á ní ìwà òyìnbó ni èyí, pé àwa kì í da ọ̀rọ̀ inú wa síta fún àlejò. Ní ìlà oòrùn Kóńgò, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ba àwọn obìnrin jẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, Judith Bass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013. Obìnrin 405 ló wà nínú rẹ̀. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n gba ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, tí wọn kì í ṣe dókítà. Ní àwọn abúlé tó kù, wọ́n kàn ń rí ẹni dúró tì wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kàn dúró tì ló ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìbalẹ̀ ọkàn tó le. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú, ìdá 9 péré ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà, ogun kò sì tíì tán ní àyíká wọn. Mi ò mọ ẹ̀rí tó ju èyí lọ tí èèyàn lè fẹ́ rí kó tó gbà pé ọ̀rọ̀ ń wo àwọn èèyàn aláwọ̀ dúdú sàn.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Nígbà kan, bí ìjàǹbá bá ṣẹ̀ báyìí, wọ́n á kó àwọn tó là á já jọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á ní kí oníkálùkù sọ gbogbo ohun tó rí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé kò dènà PTSD, àwọn kan tiẹ̀ burú sí i. Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ ní 2011 lórí ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn fi sọ pé kí wọ́n má fipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ rò ó wò ná: ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹbí rẹ̀ lánàá, tí àwọn oníròyìn yí ká pẹ̀lú kámẹ́rà, pé kó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Àwọn ará Ìkòròdú rí púpọ̀ nínú irú ìyẹn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àwọn ẹlòmíràn fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ni kò jáde. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ya àwòrán ọpọlọ àwọn mẹ́jọ tó ní PTSD nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Apá tó ń kígbe ewu ń jó fòfò. Iṣẹ́ apá tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ sísọ lọ sílẹ̀. Àwọn mẹ́jọ kò pọ̀, a ò lè gbé òfin lé e lórí, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó ti jókòó ti ẹni tó ń gbọ̀n, tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ibí yìí gan-an ni àwọn oníṣẹ́ ara ti wọlé.

Wilhelm Reich, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Freud, ló kọ́kọ́ tẹnu mọ́ ọn pé iṣan tó le gan a máa di ìhámọ́ra fún ẹ̀dùn. Ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń kọ́ lónìí ni Peter Levine, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ ìwé Waking the Tiger ní 1997, tó pe ọ̀nà tirẹ̀ ní Somatic Experiencing. Àwọn ẹranko ìgbẹ́ ló wò. Ó ní ẹtu tó bọ́ lẹ́nu ẹkùn a máa gbọ̀n jìgìjìgì, á gbọn ara nù, á tún padà sí jíjẹko. Pé èèyàn ni kì í jẹ́ kí gbígbọ̀n náà parí, nítorí ìtìjú tàbí nítorí kò ráyè. Ní 2014, ìwé Bessel van der Kolk, The Body Keeps the Score, gbé èrò tó jọ ìyẹn dé ọwọ́ àìmọye èèyàn káàkiri ayé. David Berceli ní tirẹ̀ ṣe àwọn eré ìdárayá kan tó ń rẹ iṣan itan títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń lọ? Ká ní ìyá tiwa lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ Levine. Kò ní kọ́kọ́ bi í nípa Badoo rárá. Á ní kó wo inú yàrá ká, kó wo fèrèsé, kó wo ilẹ̀kùn, kó mọ̀ pé wọn kò tì í pa. Á ní kó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fi ẹ̀yìn ti àga. "Ibo lára rẹ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù báyìí?" Bóyá ó ní ọwọ́ òun. Wọ́n á fọkàn sí ọwọ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni á ní kó mẹ́nu kan ìró ọlọ, ìró nìkan, láì dé inú ilé ẹni tó kú. Èjìká ìyá á gòkè lọ bá etí, èémí rẹ̀ á dúró. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á dá a dúró níbẹ̀. "Má lọ jìnnà. Padà sí ọwọ́ rẹ." Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, láàárín ibi tó le àti ibi tó rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí omijé bọ́, kó yán. Wọn kò ní dí i lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó sọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn lè má ju gbólóhùn kan lọ, ó sì lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ju bó ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ràn ọgbọ́n inú èyí. Ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń tọ́jú, kò fà á lẹ́nu, kò sì gbé e ju agbára rẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ní ìrántí wà nínú iṣan, pé bí iṣan bá ti gbọ̀n tán ìrántí náà ti jáde, mi ò bá wọn lọ. Kò sí ìrántí tó ń gbé inú itan. Ọpọlọ ló ń rántí, òun ló sì ń pàṣẹ fún itan pé kó le. Gbígbọ̀n lè dá ara sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Bí ìtumọ̀ ìró ọlọ kò bá yí padà nínú ọpọlọ, àṣẹ tuntun á tún wá lọ́la. Ìwádìí tó wà lórí Somatic Experiencing kò sì tíì pọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní Ísírẹ́lì, tó jáde ní 2017, èèyàn 63 ló wà nínú rẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì dára. Ti yoga tí van der Kolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ní 2014, obìnrin 64 ni, òun náà ṣèrànwọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dára nìyẹn. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí tó wà lórí ìtọ́jú ọlọ́rọ̀, ó ṣì kéré.

Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni EMDR. Francine Shapiro ló ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1987 nígbà tó ń rìn nínú ọgbà kan, pé bí ojú òun ṣe ń lọ sọ́tùn-ún sósì, èrò tó ń dà òun láàmú ń fúyẹ́. Aláìsàn á di ìrántí náà mú lọ́kàn, ojú rẹ̀ á máa tẹ̀ lé ìka ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, bọ̀ sósì. Kò pọn dandan kó ròyìn ohun gbogbo. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iṣẹ́ tí ojú yíyí ń ṣe; àwọn kan ní dídojú kọ ìrántí nìkan ló ń wo èèyàn sàn. Bó ti wù kó rí, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní 2013, EMDR àti ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ tó ń dojú kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ fún àgbàlagbà tó ní PTSD. Ẹ kíyè sí ohun tí méjèèjì fi jọra: ìrántí wà níwájú, ara sì wà ní ìrọ̀rùn tó láti fara dà á.

Àwa náà ní tiwa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó kún Ìkòròdú, ìlù, àtẹ́wọ́, ijó àti gbígbọ̀n wà níbẹ̀, èèyàn sì lè wọlé pẹ̀lú àyà tó dì kó jáde pẹ̀lú àyà tó fúyẹ́. N kò fojú kéré rẹ̀ rárá. Ní ọdún 2017, orí ilẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti rí oorun sùn, nítorí wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ èémí ara wọn. Bí dókítà ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo ṣe ronú náà nìyẹn ní Aro, ní Abẹ́òkúta, láti 1954. Ó fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gba oògùn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ayé wá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n máa pe ẹ̀wọ̀n ní ìtọ́jú. Human Rights Watch kọ ìròyìn jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 nípa àwọn èèyàn tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní ilé ìjọsìn, ní ilé oníṣègùn àti ní ilé ìjọba káàkiri Nàìjíríà. Ara tí wọ́n dè, tí wọ́n ń nà, tí wọ́n ń fi ebi pa lórúkọ ààwẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ò ní dákẹ́ igbe láé. Bákan náà ni kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun á fi ọwọ́ tẹ iṣan láti mú ìrántí kan jáde tí onítọ̀hún ò ní tẹ́lẹ̀. Ìrántí tí wọ́n bá fi ọwọ́ wá bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n dá sílẹ̀, ó sì lè tú ilé ká.

Fún ẹni tó wà ní Agric, ọ̀nà tó dájú jù ni Federal Neuro-Psychiatric Hospital ní Yábà. Ó lè wọ BRT dé Fadeyi, kó wọ ọkọ̀ kékeré níbẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa Yábà, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gàn yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ilé ìwòsàn náà ti wà láti 1907, ẹni tí oorun rẹ̀ dà rú nítorí ohun tójú rẹ̀ rí sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Kó sọ fún dókítà pé, "Ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ṣojú mi, láti ìgbà náà ni ara mi ò ti sinmi." Gbólóhùn yẹn á gbà á lọ́wọ́ àyẹ̀wò taifọ́ọ̀dù mélòó kan. Bí ẹnikẹ́ni níta bá ní òun ń fi ara wo ọgbẹ́ ọkàn, kó bi í léèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, kó sì bi í bóyá á ní láti fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, kó fi í sílẹ̀.

Kó tó débẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí kò gba owó. Bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í já lóru, kó jókòó, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ gírígírí. Kó mí wọlé títí á fi ka ẹ̀rin, kó mí síta títí á fi ka ẹ̀fà tàbí ẹ̀jọ. Mímí síta tó gùn yìí ń ṣiṣẹ́ nítorí iṣan ìmọ̀lára kan tó ti ọpọlọ lọ sí ọkàn máa ń dẹ ìlù ọkàn sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jáde. Kó dárúkọ ohun márùn-ún tó ń rí nínú yàrá, kó sọ ọ́ síta: fáànù, àgádágodo, bàtà ọmọ. Èyí kò wo àìsàn náà sàn. Ó ń mú ara rọlẹ̀ dé ibi tí ẹnu fi lè ṣí.

Dókítà ọpọlọ kò lè kárí gbogbo wa, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ará Zimbabwe ti mọ ìyẹn nípa tiwọn. Láti 2006 ni dókítà Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Harare níṣẹ́, tí wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi nínú ọgbà ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń gbọ́ tẹni tí ìrònú pọ̀ jù fún. Ìwádìí tó jáde ní 2016, tí èèyàn 573 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà gbádùn ju àwọn tó gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Agric, a ní àwọn ìyá ìjọ, a ní àwọn ìyálọ́jà, a ní ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù tó ń ṣèpàdé déédéé. Àwọn ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù yìí ló ṣètò ìṣọ́ òru lọ́dún 2017; wọ́n mọ ojúlé tí wọ́n wọ̀ àti ojúlé tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì mọ àwọn ọmọkùnrin tó di àdá mú lóríta títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ wá sí ìpàdé, kó wá ṣàlàyé ohun tí ìpayà ń ṣe fún ara, kó sì fi bí wọ́n ṣe ń mí hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yan obìnrin méjì àti ọkùnrin kan tí aráàdúgbò fọkàn tán, kí wọ́n rán wọn lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹgbẹ́ sì san owó ọkọ̀ wọn. Àwọn ọmọkùnrin tó ṣọ́ òru ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá.